Búráùn, Ẹsẹ̀ Rẹ Ló Tú Ọ Láṣìírí

Búráùn, máa bọ̀. Fìdí kalẹ̀ síbí. Lónìí, ìwọ lọ̀rọ̀ kàn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ẹni tí mò ń bá wí, ìràwọ̀ aràrá búráùn ni. Mo pè é ní ìràwọ̀ kí n má baà dójú tì í níwájú àlejò ni, torí bí àwọn ìràwọ̀ gidi bá gbọ́, wọ́n lè pè mí lẹ́jọ́. Ìwúwo ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bíi Júpítà 13 títí dé nǹkan bíi 75. Ìyẹn kì í ṣe kékeré o, àmọ́ kò wúwo tó kí iná háídírójìn ràn nínú ikùn rẹ̀, kó sì máa jó lọ bíi ti Oòrùn. Dùtẹ́ríọ̀mù díẹ̀, ìyẹn háídírójìn tó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ló fi dáná nígbà tó wà lọ́mọdé. Ìyẹn tán, ó sì ń tutù bọ̀ láti ìgbà náà. Ẹ mọ àkọ́ṣẹ́ télọ̀ tó mọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́, tó palẹ̀ mọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kí wọ́n tó ṣe fúrídọ́ọ̀mù fún un, tó wá gbé pátákó síta pé "Ọ̀gá Télọ̀"? Búráùn nìyẹn, tó ń bá wọn tò sójú ọ̀run lálẹ́.

Onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Shiv Kumar, ló ti ṣírò rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 pé irú ẹ̀dá báyìí gbọ́dọ̀ wà. Wọ́n wá a títí, irun orí ẹlòmíì funfun, kí ọwọ́ tó tẹ àwọn àkọ́kọ́ ní 1995. Fífara pamọ́ nìkan kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ọ̀gá òpùrọ́ ni. Bí Búráùn bá ṣe ń dàgbà ló ń tutù, tó sì ń ṣókùnkùn. Nítorí náà, èyí tó wúwo tó ti darúgbó àti èyí tó fúyẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí lè gbóná bákan náà, kí àwọ̀ wọn sì rí bákan náà. Bi í pé ọmọ ọdún mélòó ni, kò ní sọ. Bi í pé báwo ló ṣe wúwo tó, á ní kí o kọ́kọ́ mọ ọdún òun ná. Ohun kan ṣoṣo ni kò lè parọ́ rẹ̀: ìrìn. Bí wọ́n sì ṣe ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ ni ẹ̀fẹ̀ tòní, tí kò ní yọ àwọn tó ń kà á sílẹ̀.

Gbogbo ìràwọ̀ ló ń rìn. Edmond Halley ló kíyè sí i ní 1718 pé Sirius, Arcturus àti Aldebaran kò sí níbi tí àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ kọ wọ́n sí mọ́. Àmọ́ ọ̀nà jìn, ìṣísẹ̀ wọn sì kéré lójú wa. Ẹ mú díígíríì kan lójú ọ̀run, ẹ pín in sí ọ̀nà 3,600. Ẹyọ kan nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní àákì-sẹ́kọ́ńdì. Òṣùpá tí ẹ ń wò lókè yẹn fẹ̀ tó nǹkan bí 1,800 irú rẹ̀. Ìràwọ̀ Barnard, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù lọ lójú ọ̀run, kò rìn ju 10 ó lé díẹ̀ lọ lọ́dún kan. Irú ìrìn yìí ni àwọn àgbàlagbà tó kàwé gboyè, tí wọ́n ní ọmọ nílé, fi ayé wọn jìn fún, pé àwọn fẹ́ wọ̀n ọ́n lára Búráùn tí kò tilẹ̀ ní iná. Bí ẹ bá bá wọn níbi tí wọ́n ti ń jiyàn, ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún àákì-sẹ́kọ́ńdì ló dá ìjà sílẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí kò pọ̀ lára Búráùn. Ooru ara rẹ̀ ló ń jáde, ní ìmọ́lẹ̀ infrared. Ìdí nìyí tí Gaia, sátẹ́láìtì tí àwọn ará Yúróòpù fi wọn ìrìn ìràwọ̀ tó lé ní bílíọ̀nù kan, fi kọjá lára àwọn tó tutù jù nínú wọn láìkí wọn. WISE ti NASA ló mú wọn. Oṣù Kejìlá 2009 ni wọ́n fi í ránṣẹ́ sókè, dígí rẹ̀ kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 40 lọ. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ló ń padà wá ya ibi kan náà. Wọ́n fi í sùn ní 2011, wọ́n jí i ní 2013, ó sì ń yàwòrán lọ títí di oṣù Kẹjọ 2024.

Iṣẹ́ náà rèé: ẹ to àwòrán ibi kan náà tẹ̀léra, ti oṣù kìíní, ti oṣù keje, ti ọdún tó tẹ̀ lé e, kí ẹ máa yí wọn lójú kọ̀ǹpútà kíákíá. Àwọn ìràwọ̀ jíjìn dúró gbagidi. Ẹyọ ìdọ̀tí ń tàn, ó ń kú. Ìràwọ̀ ńlá kan ń ta ìwo ìmọ́lẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Òjìji tí kì í ṣe nǹkan kan ń fò kiri. Láàárín gbogbo rúkèrúdò yìí, ẹyọ bíńtín kan á sún, á tún sún, á tún sún sí apá kan náà. Bẹ́ẹ̀ ẹyọ ojú kan nínú àwòrán WISE, tí wọ́n ń pè ní píksẹ́lì, fẹ̀ ju àákì-sẹ́kọ́ńdì méjì ààbọ̀ lọ. Búráùn mìíràn lè lo odindi ọdún kan kó tó jáde nínú ojú kan bọ́ sí èkejì. Ẹ sì ní kí ọkọ tó ń wo irú èyí láàárín òru máa ṣàlàyé fún ìyàwó.

Ní oṣù Kejì 2017, Marc Kuchner ti NASA àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n pè é ní Backyard Worlds, wọ́n ní kí ẹni tó bá ráyè wá bá àwọn wò ó. Láìgba kọ́bọ̀! Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Bob Fletcher, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì kan ní Tasmania, fi nawọ́ sí ẹyọ kan tó ń sún, àwọn mẹ́ta mìíràn sì tọ́ka sí i pẹ̀lú. Tẹlisíkóòpù Hawaii wò ó. Búráùn ni. Àwọn tó ń gbowó oṣù lórí rẹ̀ ti ní àwòrán yìí nílé tipẹ́ o. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni.

Bí mo sì ti dé ẹnu ọ̀nà àwọn olówó oṣù, ẹ jẹ́ kí n wọlé. Láti 1916 tí Barnard ti rí ìràwọ̀ tirẹ̀, kò tún sí ẹni tó rí aládùúgbò tuntun kankan tó sún mọ́ Oòrùn tó bẹ́ẹ̀. Ó di 2013 kí Kevin Luhman, ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Pennsylvania, tó wo àwòrán WISE, tó rí ẹnìkan tó ń sún ní nǹkan bí àákì-sẹ́kọ́ńdì mẹ́ta lọ́dún. Wọ́n wọn ọ̀nà: 6.5 ọdún-ìmọ́lẹ̀, ìyẹn ìrìn tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn fún ọdún mẹ́fà ààbọ̀. Bí a bá yọ Alpha Centauri àti ti Barnard kúrò, kò sí ẹni tó tún sún mọ́ wa tó o. Ẹnu ọ̀nà níbí! Tẹlisíkóòpù Gemini ní Chile tún tẹjú mọ́ ọn, wọ́n bá a pé ẹyọ kan kọ́, méjì ni wọ́n, tí wọ́n ń yí ara wọn po. Ẹni méjì gba yàrá ládùúgbò, ẹnikẹ́ni kò mọ̀.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé, nígbà tí Luhman padà lọ tú àpótí àwòrán àtijọ́, ó bá a níbẹ̀. Ó wà nínú ti 1999. Ó wà nínú ti 1978! Láti ìgbà tí Ọbásanjọ́ ṣì ń fi aṣọ ológun ṣe ìjọba ni ẹni yìí ti ń gba ẹ̀yìn fọ́tò àwọn ènìyàn kọjá, kò sì sẹ́ni tó bi í pé "ìwọ ta ni?" Nítòsí ọ̀nà Milky Way, níbi tí ìràwọ̀ ti ń gún ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ló forí pamọ́ sí. Ká sọ tòótọ́, ibẹ̀ ni èmi náà ì bá sá sí.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé 6.5 ni, pé kì í ṣe 65? Bí Ayé ṣe ń yí Oòrùn po, ibi tí a dúró sí láti wo ọ̀run ń yí padà, ẹni tó bá sì wà nítòsí á máa mì lọ mì bọ̀ lójú wa lọ́dọọdún. Bí mímì náà bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe sún mọ́ wa tó. Ẹ pa mímì yẹn pọ̀ mọ́ ìrìn tiẹ̀ gan-an, ẹ fà á sórí ìwé, ilà kọ́lọkọ̀lọ ni ẹ máa rí. Ẹni tí kò bá mọ̀dí á ní Búráùn ti mu ẹmu. Ẹ má fi ọtí sùn ún: àwa tí a wà lórí Ayé là ń mì.

Ta ló tilẹ̀ ń sọ wọ́n lórúkọ? Lọ́dún tó tẹ̀ lé 2013, Luhman tún mú òmíràn, orúkọ tí wọ́n fún un ni WISE J085510.83−071442.5. Ká ní ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n sọ ọ́, iyọ̀ á ti yọ́ tán lọ́wọ́ ẹni tó dì í mú kí bàbá tó pe orúkọ náà dé ìdajì. Àdírẹ́sì ni gbogbo nọ́ńbà yẹn: ibi tó wà lójú ọ̀run nígbà tí wọ́n ya á. Ẹ̀fẹ̀ wá ni pé ẹni yìí ń rìn ju àákì-sẹ́kọ́ńdì mẹ́jọ lọ lọ́dún. Ìràwọ̀ Barnard àti ti Kapteyn nìkan la mọ̀ tí ẹsẹ̀ wọn yá jù ú lọ lójú ọ̀run. Kí ọdún kan tó yí po, àdírẹ́sì inú orúkọ ti di irọ́. Ẹ gba orúkọ náà lọ wá a lónìí, ilé òfìfo lẹ máa bá. Ó sì tutù! Nígbà tí wọ́n kéde rẹ̀ ní 2014, wọ́n ṣírò ooru ara rẹ̀ sí àárín −48 àti −13 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ìràwọ̀ tí ènìyàn lè fi ẹja pamọ́ sí! Wọ́n ní ó dà bíi pé kò tilẹ̀ wúwo tó Júpítà 13, nítorí náà àwọn kan kò fẹ́ kó bá àwọn Búráùn yòókù jókòó.

Àmọ́ kò sí èyí tí ìrìn dójú tì tó Gliese 229B. Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n mú ní 1995 ni, ó tó ọdún-ìmọ́lẹ̀ 19 sí wa, ó ń yí ìràwọ̀ pupa kékeré kan po. Láti gbé e sórí òṣùwọ̀n, ìràwọ̀ pupa yẹn ni wọ́n ṣọ́. Sátẹ́láìtì Hipparcos ti wọn ìrìn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Gaia tún un wọ̀n ní nǹkan bí ọdún 25 lẹ́yìn náà. Ìrìn ìràwọ̀ náà ti yí díẹ̀: ẹnìkan ń fà á láṣọ. Bí fífà náà ṣe lágbára tó, onífàá náà yẹ kó wúwo tó Júpítà 71. Wàhálà dé. Ẹni tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó mọ́lẹ̀ ju bó ṣe mọ́lẹ̀ yìí lọ. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wo òṣùwọ̀n, wọ́n wo iná, ọ̀rọ̀ kò bára mu. Ṣé ká tún ìwé kọ lórí bí Búráùn ṣe ń tutù ni? Ní oṣù Kẹwàá 2024, Jerry Xuan ti Caltech àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn tẹlisíkóòpù ńlá tó wà ní Chile wò ó fínnífínní. Ìbejì ni! Ọ̀kan wúwo tó Júpítà 38, èkejì tó 34, ọjọ́ 12 péré ni wọ́n sì fi ń yí ara wọn po lẹ́ẹ̀kan.

Ọdún 29 ni wọ́n fi ń kí ènìyàn méjì ní "báwo ni." Wọ́n rí ìwúwo tó ju ti ẹnìkan lọ, wọ́n rí ìmọ́lẹ̀ tí kò bá a mu, wọ́n kó ìṣirò jọ, wọ́n kọ ìwé, wọ́n fò lọ síbi àpérò. Ìyá àgbà kan ṣoṣo ní Igbó-Ọrà, ẹ̀ẹ̀kan ló máa wo ikùn yẹn, á ní kí wọ́n lọ gbé ẹ̀wà kaná. Wọ́n tún wá sọ àwọn ọmọ náà ní Ba àti Bb. Ẹ gbọ́ o, ìbejì láìsí Táyé, láìsí Kẹ́hìndé!

Ìrìn kan wà tí àwòrán kò lè tú fó. Ẹni tó ń bọ̀ wá bá ọ tààrà, tàbí tó ń kúrò lọ́dọ̀ rẹ tààrà, wàá rò pé ó dúró ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, àfi kí wọ́n tú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí wẹ́wẹ́: bó bá ń bọ̀, àwọn ilà inú rẹ̀ á sún sí apá búlúù. Bó bá ń lọ, wọ́n á sún sí pupa. Ní 2013, Ralf-Dieter Scholz ní Potsdam, ní Jámánì, rí ìràwọ̀ kékeré kan tó so mọ́ Búráùn kan, ní nǹkan bí 20 ọdún-ìmọ́lẹ̀. Ó wà nítòsí, síbẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sún lójú ọ̀run rárá. Onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Eric Mamajek, fura. Wọ́n lo tẹlisíkóòpù Gúúsù Áfíríkà àti ti Chile, ni àṣírí bá tú ní 2015: sísá ló ń sá fún wa, ní kìlómítà tó lé ní 80 ní sẹ́kọ́ńdì kan. Nígbà tí wọ́n da ìrìn náà padà sẹ́yìn, wọ́n rí i pé ní nǹkan bí 70,000 ọdún sẹ́yìn, ó gba ìtòsí Oòrùn kọjá, kò tó ọdún-ìmọ́lẹ̀ kan. Ó wọ àgbàlá, kò kí onílé, ó jáde lọ́nà kejì.

Ti ọjọ́ orí ńkọ́? Àwọn ìràwọ̀ tí a bí nínú kùrukùru kan náà máa ń jọ rìn ni, ní ìwọ̀n eré kan, sí apá kan. Nítorí náà, bí wọ́n bá bá Búráùn kan tó ń bá ẹgbẹ́ kan rìn, wọ́n á ní, "O ò ní sọ ọdún rẹ? Kò burú, ọdún àwọn ẹgbẹ́ rẹ nìyí." Ọ̀kan tó ń bá ẹgbẹ́ TW Hydrae rìn ni 2M1207, ẹgbẹ́ náà kò sì ju ọmọ nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 10 lọ. Ọmọ ọwọ́ ni lọ́dọ̀ wọn. Síbẹ̀, ní 2004, wọ́n ya fọ́tò pláńẹ́ẹ̀tì kan tó ń tẹ̀ lé e, pláńẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tí a yà ní fọ́tò lẹ́yìn òde ilé Oòrùn wa. Ẹni tí kò ṣe fúrídọ́ọ̀mù ti gba ọmọ iṣẹ́!

Bí ọdún bá wá gorí ọdún, ìwà wọn yí padà. Kùrukùru ńlá á tì wọ́n síhìn-ín, apá Milky Way á gbọ̀n wọ́n sọ́hùn-ún. Lọ́dọ̀ wọn, ọmọdé ló ń rìn jẹ́jẹ́, àgbà ló ń sáré kítikìti.

Ọ̀kan wà láàárín wọn tí n kò gbọdọ̀ pè ní ìwọ. Dan Caselden, ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́fẹ̀ẹ́ Backyard Worlds, ló kọ ètò kọ̀ǹpútà láti máa fi wá Búráùn, ètò náà sì fo baba yìí dá, torí wọn kò jọ èyíkéyìí tó mọ̀. Ẹlòmíì ni Caselden ń wò tí wọ́n fi rọra gba ojú àwòrán kọjá. Ni àwọn onímọ̀ bá fún baba lórúkọ ìnagijẹ, Àkọsẹ̀bá. Wọ́n wà ní nǹkan bí 50 ọdún-ìmọ́lẹ̀. Tẹlisíkóòpù Keck ní Hawaii, tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 10, wá wọn, kò rí wọn. Tẹlisíkóòpù Hubble ló rí wọn. Wọ́n ń sáré ní nǹkan bí 800,000 kìlómítà ní wákàtí kan, wọ́n sì ti tó ọmọ bílíọ̀nù 10 sí bílíọ̀nù 13 ọdún. Ayé tí a ń tẹ̀ yìí kò tíì pé bílíọ̀nù 5. Baba, ẹ dákun, gbogbo "ìwọ" àti "òpùrọ́" tí mo ti ń sọ láti òkè, ẹ̀yin kọ́ ni mò ń bá wí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ kú ìrìn.

Àgbàlagbà kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Òwe yìí ni Adam Burgasser ti Yunifásítì California ní San Diego àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fọ̀ lédè ìṣirò láti 2024, lórí ẹnìkan tó ń jẹ́ J1249+36. Àwọn ọlọ́fẹ̀ẹ́ Backyard Worlds náà ló kọ́kọ́ rí i. Caselden tún wà níbẹ̀, pẹ̀lú Martin Kabatnik ará Nuremberg àti Thomas Bickle. Ó tó nǹkan bí 400 ọdún-ìmọ́lẹ̀ sí wa, eré rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 1.6 kìlómítà ní wákàtí kan. Irú eré yẹn lè gbé e jáde kúrò nínú Milky Way pátápátá. Kí ló ń lé e? Àwọn kan ní ó lè jẹ́ pé ó ń gbé lọ́dọ̀ aràrá funfun kan, ìyẹn òkú ìràwọ̀, tó bú gbàmù, tí ìbúgbàmù náà sì ta á dànù. Àwọn kan ní ó lè jẹ́ pé inú àpò ìràwọ̀ kan tó fún pọ̀ ló ti wá, ó ṣèèṣì rìn wọ àárín ihò dúdú méjì tó ń yí ara wọn po, wọ́n sì gbá a síta.

Wọn ò tíì mọ ohun tí wọn ì bá pè é pàápàá, torí orí ààlà gan-an ni ìwúwo rẹ̀ wà: ó lè jẹ́ ìràwọ̀ tó kéré jù láyé, ó lè jẹ́ Búráùn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ yege. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe ni láti yẹ ara rẹ̀ wò, bóyá àwọn èròjà wúwo tí irú ìbúgbàmù bẹ́ẹ̀ máa ń tú jáde ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Bí wọ́n bá rí i, aràrá funfun ló jẹ̀bi. Bí wọn kò bá rí i, ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù, wọ́n á sì máa sún un síwájú. Ẹlẹ́rìí wà, ìwé ẹ̀sùn wà, lọ́yà wà ní ìhà méjèèjì. Olùjẹ́jọ́ nìkan ni wọ́n ń pè tí kò dáhùn.